Oníbodè Kò Tán: Ìtàn Eré Yorùbá láti Orí Ìtàgé dé Inú Fóònù

Ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó sún mi dé ìdí àròkọ yìí, nítorí kì í ṣe pé mo kàn jókòó ní ilé ìkàwé tí ó sì wù mí láti to ọdún àti orúkọ jọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin kan wà tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì. Ní ìgbà èwe rẹ̀, ó bá ẹgbẹ́ eléré kan rìn láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí iṣẹ́ náà dẹnu kọlẹ̀, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kásẹ́ẹ̀tì fíìmù sí Ìbàdàn. Ní 1997, òun náà fi owó ara rẹ̀ ya eré kan. Ní ìsinmi tí ó kọjá, ó pè mí, ó ní, "Akọ̀wé, wá bá mi gbé eré mi sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí n tó kú." Mo gbé e sí i. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ìwé fi dé pé ẹlòmíràn ni ó ni eré náà, àti pé ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ni owó tí ó bá wọlé lórí rẹ̀ yóò máa lọ. Ẹnì kan tí a kò mọ̀ rí ti da kásẹ́ẹ̀tì náà kọ, ó sì ti sáré gbé e síbẹ̀ kí àwa tó dé. Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì wo ojú mi, ó ní, "Ṣé èmi ni olè nísinsìnyí?"

N kò rí èsì fún un. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé, ta ni ó máa ń dúró láàárín ẹni tí ó ṣe eré àti ẹni tí ó ń wò ó?

Ní ayé àtijọ́, bí oníṣòwò bá gbé ẹrù dé ẹnu odi ìlú, oníbodè ni yóò kọ́kọ́ pàdé. Oníbodè kò hun aṣọ, kò ro oko, ṣùgbọ́n kò sí aṣọ tàbí iṣu tí yóò wọlé láìsan owó bodè. Wọ́n ń sọ fún wa lónìí pé íntánẹ́ẹ̀tì ti wó odi náà palẹ̀, pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ní fóònù lọ́wọ́ ti di onífíìmù àti oníwèé-ìròhìn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìtàn eré wa kò ní tètè bẹ́ sí agbo ijó náà.

Ẹ wo ìwé ìròhìn àkọ́kọ́ tí a tẹ̀ ní èdè Yorùbá. Ní 1859 ni Henry Townsend, oníwàásù òyìnbó, dá a sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Ọwọ́ àwọn oníwàásù ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà. Nígbà tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní 1867, tí a lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú, ìwé ìròhìn náà bá wọn lọ. Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ni ó ni ọ̀rọ̀.

Ti orí ìtàgé yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé ara ènìyàn ni ẹ̀rọ rẹ̀. Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà, tí ó ti ṣe tíṣà kí ó tó ṣe ọlọ́pàá, gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní 1944, fún ìjọ Aládùúrà. Kò pẹ́ tí ó fi bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀ tí ó sì fi eré ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Owó tí òǹwòran bá san lẹ́nu ọ̀nà ni ẹgbẹ́ eléré fi ń jẹun, òun ni wọ́n fi ń ra epo sí ọkọ̀ dé ìlú kejì. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọn a kọ́kọ́ jó, wọn a kọrin kí àwọn òǹwòran. Kò sí ẹni tí ń kánjú. Bí eré kò bá dùn, àwọn tí ó wà níjòókòó yóò pariwo. Bí ó bá dùn, wọn a fi owó lé eléré níwájú orí. Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì sọ fún mi pé ariwo yìí ni ó kọ́ òun ní eré, pé òun a máa gé ọ̀rọ̀ kúrò tàbí kí òun fi kún un bí ojú àwọn ènìyàn bá ti rí.

Ṣùgbọ́n oníbodè wà níbẹ̀ náà. Ní 1964, Ògúndé ṣe eré Yorùbá Ronú, èyí tí ó ta àwọn tí ń ṣe ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn nígbà náà létí. Wọ́n fi òfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo agbègbè náà, òfin yìí kò sì kúrò títí ìjọba ológun fi dé ní 1966. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo rántí nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ilẹ̀kùn Twitter pa ní Nàìjíríà láti oṣù kẹfà 2021 títí di oṣù kìíní 2022. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ògúndé kò ní irú ẹ̀yìnkùlé bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ kò ṣe é fi pamọ́.

Tẹlifíṣọ̀n dé Ìbàdàn ní oṣù kẹwàá 1959, ṣùgbọ́n n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí pé ọ̀dọ̀ ìjọba ni kọ́kọ́rọ́ wà. Fíìmù ni ó tẹ̀ lé e. Ọlá Balógun ya Àjàní Ògún ní 1976, ó sì bá Ògúndé ya Ayé ní 1979. Fíìmù gbówó lórí, òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, àwọn eléré a sì máa gbé e kiri bí wọ́n ti ń gbé ara wọn kiri tẹ́lẹ̀. Nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, apá ọ̀pọ̀ kò ká a mọ́. Ibẹ̀ ni fídíò ti wọlé.

Fídíò ni ayé Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì. Kò sí ohun tí ó ń lọ fọ̀ ní òkè òkun mọ́. Ẹni tí ó bá rí kámẹ́rà yá lè ya eré láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀nà tí kásẹ́ẹ̀tì yóò gbà dé ọjà ni ìṣòro, àwọn alágbàtà Ìdúmọ̀tà ni ó sì ni ọ̀nà náà. Àwọn ni wọ́n ń sọ èyí tí yóò tà àti ẹni tí yóò ṣe olórí eré. Àwọn náà ni wọ́n mú kí a máa gé eré kan sí apá kìíní àti apá kejì, kí ẹni tí ó ra ọ̀kan má lè ṣe kí ó má ra èkejì. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe ìtàn ni ó fẹ́ kí a gé e, ọjà ni. Mo ti gbọ́ tí àwọn olùkọ́ àgbà ń bú àwọn eléré ìgbà náà pé wọn kò mọ ìtàn í parí. Ó yẹ kí wọ́n bú alágbàtà pẹ̀lú.

Ní oṣù kẹrin 2005, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró níwájú àwọn erin ní ọgbà ẹranko kan ní Amẹ́ríkà, ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 19. Fídíò àkọ́kọ́ lórí YouTube nìyẹn. Ní 2006, Google ra ilé-iṣẹ́ náà ní bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 650 dọ́là. Nígbà tí ó di 2007, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pín owó ìpolówó ọjà pẹ̀lú àwọn tí ń ṣe fídíò. Àwọn eléré wa kó lọ síbẹ̀, ìkànnì fíìmù Yorùbá sì pọ̀ níbẹ̀ lónìí bí ìsọ̀ nínú ọjà. Inú mi dùn sí èyí. Ọmọbìnrin aránṣọ kan ní ìlú kékeré lè gbé fóònù rẹ̀ ti ara ògiri, kí ó ṣe ẹ̀fẹ̀ nípa ìyá ọkọ rẹ̀, kí ayé sì rẹ́rìn-ín ní alẹ́ ọjọ́ náà, láìkúnlẹ̀ fún alágbàtà kankan. Ariwo òǹwòran pàápàá ti padà, nítorí pé wọ́n ń kọ̀wé sí abẹ́ eré, wọ́n ń yìn, wọ́n ń bú.

Owó bodè ńkọ́? Láti 2018, ẹni tí ó bá fẹ́ gbogbo ìpín rẹ̀ nínú owó ìpolówó fídíò gígùn gbọ́dọ̀ ní olùtẹ̀lé 1,000, kí àwọn ènìyàn sì ti fi wákàtí 4,000 wo iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ọdún kan. Láti 2020, fídíò tí ó bá ti tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni a lè ki ìpolówó bọ̀ láàárín, nítorí náà ẹ̀fẹ̀ tí ó yẹ kí ó tán ní ìṣẹ́jú márùn-ún a máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ títí yóò fi pé mẹ́jọ. Ijó ìkíni ti lọ. Igbe àti ìgbátí ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, kí òǹwòran má baà fi àtàǹpàkò tì wá kọjá. Owó tí òǹwòran tí ó wà ní Amẹ́ríkà tàbí ní Ìlú Ọba ń mú wá sì ju ti ẹni tí ó wà ní Ọ̀ṣun lọ, nítorí pé ìpolówó ọ̀hún wọ́n ju tiwa lọ. Ìyẹn wà lára ìdí tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ń sáré nísàlẹ̀ àwòrán. Alágbàtà Ìdúmọ̀tà, o lè dọ̀bálẹ̀ fún un, o lè bú u. Oníbodè tuntun yìí kò lójú, ẹ̀rọ ni.

Ọ̀rọ̀ tiwa wá ńkọ́? A tú gbogbo ilé Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì. Nísàlẹ̀ àpótí, lábẹ́ aṣọ eré kan tí ikán ti jẹ létí, a rí ìwé tí àjọ tí ń yẹ fíìmù wò fún ìjọba fún un, orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Ó ní òun bínú gidigidi lọ́jọ́ tí wọ́n gba owó ìwé náà lọ́wọ́ òun. Mo ya àwòrán rẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fún ẹni tí ń jà sí i láti fèsì. Kò fèsì, wọ́n sì dá eré padà fún ẹni tí ó ni ín.

Ènìyàn igba ó lé díẹ̀ ni ó ti wò ó títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí. Ẹnì kan kọ̀wé sí abẹ́ rẹ̀ láìfi àmì ohùn kankan sí i, bí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe lórí fóònù: "Baba mi ni onilu yen." Mo kà á sókè fún Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì. Ó dìde, ó mú dígí ojú rẹ̀, ó ní kí n dá eré náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. "Onílù ni ó kọ ni, àbí onílùú? Ẹni tí ó ṣe ọba nínú eré yẹn kò bímọ. Bí ó bá jẹ́ onílù, mo mọ bàbá rẹ̀. Bi í pé níbo ni wọ́n sin ín sí."