Bíbo Irin àti Fífọ Idẹ: Ìtàn Alùpùpù Dídán ní Pobè àti Sakété

Ẹni tó bá rí alùpùpù tó ń dán gbinrin ní ìgboro Pobè tàbí Sakété, ní orílẹ̀-èdè Benin, lè rò pé fáàrí ọ̀dọ́ lásán ni. Ìtàn kò fara mọ́ èrò yẹn. Kí alùpùpù tó dé ilẹ̀ wa rárá ni àwọn baba ńlá wa ti ní ọgbọ́n méjì fún ìtọ́jú ohun tó ń dán. Àwọn olùsìn Ọ̀ṣun a máa fi ọsàn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú eérú tàbí iyanrìn kíkúnná fọ ẹ̀gbà idẹ, kí ìdọ̀tí tó bò ó lè ṣí kúrò. Ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ, àgbẹ̀ àti alágbẹ̀dẹ, ọmọ Ògún, kì í fi irin sílẹ̀ níhòòhò: epo ni wọ́n fi ń pa á, nítorí irin tí omi àti afẹ́fẹ́ bá jọ kàn kò ní pẹ́ dógùn-ún. Idẹ ni à ń fọ̀, irin ni à ń bò. Èrò mi ni pé alùpùpù nílò bíbò ju fífọ̀ lọ, àti pé ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ìda àti pọ́líìṣì yàn ni pé wọ́n ń ṣe irin bí ẹni ń ṣe idẹ.

Bí alùpùpù ṣe di ohun iyebíye ní àgbègbè yìí ló kọ́kọ́ yẹ ká wò. Ní ayé àtijọ́, kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n ń pè ní taxi-kannan ló ń gbé èrò àti ẹrù ní agbègbè Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Lẹ́yìn náà ni Mobylette ti ilẹ̀ Faransé dé, Yamaha ti Japan sì tẹ̀ lé e. Ohun ọ̀ṣọ́ olóṣù àti oníṣòwò ni wọ́n nígbà náà. Láàárín 1988 sí 1989, báǹkì ìjọba dẹnu kọlẹ̀ ní Benin, òṣìṣẹ́ ń lọ síbi iṣẹ́ láìrí owó oṣù gbà, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́ kò sì ríṣẹ́. Àsìkò yẹn ni zémidjan, ìyẹn alùpùpù akérò, gbilẹ̀, tí alùpùpù ẹni sì di oko ẹni. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní 1994, wọ́n dín iye owó sẹ́fà kù sí ìdajì: fráǹkì Faransé kan tó jẹ́ 50 sẹ́fà di 100. Ohun gbogbo tó ń ti òkè òkun bọ̀ gbówó lórí lójú ẹsẹ̀, alùpùpù pẹ̀lú. Ẹni tí kò lè ra òmíràn gbọ́dọ̀ tọ́jú èyí tó ní. Èmi gbà pé ìdí pàtàkì tí dídán fi di àṣà nìyí: ohun èlò iṣẹ́ tí a fi gbogbo owó ọwọ́ ẹni rà ni, ìrísí rẹ̀ ló sì ń sọ fún èrò bóyá a tọ́jú rẹ̀, òun náà ló ń pinnu iye tí a ó tà á.

Ilẹ̀ náà kò sì rọrùn fún irin. Erùpẹ̀ pupa ló bo òkè Sakété àti Pobè. Lọ́yẹ́, eruku rẹ̀ á bà lé ohun gbogbo. Ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí tó wà nítòsí, amọ̀ dúdú ni, bí òjò bá rọ̀ á lẹ̀ mọ́ mọ́gáàdì pinpin. Epo kpayo tó ń ti Nàìjíríà wọlé, tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, a sì máa dà sára táǹkì, a máa tú ìda, a sì máa pa dídán ọ̀dà. Ẹni tó bá nu eruku gbígbẹ pẹ̀lú àkísà, iyanrìn ló ń fi họ ọ̀dà. Omi ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣan án kúrò.

Bí eruku bá ti kúrò, ó kù ká yan láàárín pọ́líìṣì àti ìda. Pọ́líìṣì ní ohun líle kíkúnná nínú tó ń gé ojú ohun tí a bá fi í pa. Brasso, tó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, idẹ ni wọ́n ṣe é fún, idẹ sì nípọn. Ṣùgbọ́n kúróòmù tó wà lára irin alùpùpù kì í sábà nípọn tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Bí a bá ń fi pọ́líìṣì gé e lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, irin abẹ́ rẹ̀ lè yọjú níkẹyìn, yóò sì dógùn-ún. Ìda kì í gé nǹkan. Ṣe ló ń bò ó.

Àwọn kan á ní epo pupa tàbí àdí tó, pàápàá ní Pobè, níbi tí ibùdó ìwádìí lórí ọ̀pẹ ti wà láti 1922. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìpìlẹ̀: òótọ́ ni pé epo ń dí ọ̀nà mọ́ omi, ó sì dára fún àdá. Ṣùgbọ́n epo kì í gbẹ. Eruku pupa á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì di ohun ìhọra. Ìda oyin sàn ju epo lọ, àmọ́ ooru bíi 63 lórí ìwọ̀n Celsius ti tó láti yọ́ ọ, oòrùn ọ̀sán sì lè mú kí táǹkì dúdú gbóná dé àyíká ibẹ̀. Ìda carnauba kì í yọ́ títí ooru yóò fi kọjá 80. Ara ewé ọ̀pẹ kan ní àríwá ìlà-oòrùn Brazil ni wọ́n ti ń gbà á. Òun ni ewé yẹn fi ń pa omi ara rẹ̀ mọ́ nígbà ọ̀dá. Ọ̀nà àwọn ọmọ Ògún náà nìyí, ohun èlò rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀.

Bí ẹnì kan bá ní owó ìda pọ̀ jù fún oníṣẹ́ ojoojúmọ́, kó rántí pé díẹ̀ ló ń lọ, ó sì ń pẹ́ ju epo lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin tí alùpùpù jẹ́ iṣẹ́ yín, ẹ fi omi ṣan eruku kúrò, ẹ fi pọ́líìṣì sílẹ̀ fún ibi tó ti bàjẹ́ nìkan, kí ẹ sì fi ìda bo ìyókù kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.