Táyà Tí Ó Tóbi Ju Ti Ọkọ̀ Lọ: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Àwọn Oníjíìpù Mọ̀ ní Agbègbè Ìjànikin

Ẹni tí ó bá ń gba òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì kọjá ní Òkòkòmáíkò, Ìbà àti Ìjànikin mọ ìdí tí àwọn oníjíìpù fi ń wá táyà ńlá. Ọdún 2009 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fífẹ ọ̀nà náà, síbẹ̀ kòtò àti omi òjò ṣì ń dá ọkọ̀ dúró níbi púpọ̀. Táyà gíga a máa gbé ọkọ̀ kọjá kòtò, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó tún ń mú kí aago eré inú ọkọ̀ parọ́ fún awakọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú jíìpù tí ń lo táyà 265/70R16 gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìbú táyà ní mìlímítà. Èkejì ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí a fi ìdá ọgọ́rùn-ún ìbú náà ṣírò. Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n ríìmù ní íńṣì. Láti ilẹ̀ dé òkè, táyà yìí ga tó mìlímítà 777. Bí a bá fi 285/75R16 rọ́pò rẹ̀, gíga náà di 834. Ríìmù onííńṣì 16 kan náà ni méjèèjì ń lò, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí táyà tuntun bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó ń fi ìdá 7 nínú 100 rìn jìnnà ju ti àtijọ́ lọ. Bí aago náà bá péye tẹ́lẹ̀, nígbà tí ó bá ka kìlómítà 100 ní wákàtí kan, 107 ni ọkọ̀ ń sá. Ìwọ̀n eré tí òfin fi sílẹ̀ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni 100 lórí márosẹ̀, 50 láàárín ìlú. Ẹ̀rọ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi ń wọn eré kì í wo aago inú ọkọ̀ ẹnikẹ́ni.

Bíréèkì ni ó yẹ kí ó ba ènìyàn lẹ́rù jù. A kò pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n wíìlì tí ó ń dá dúró ti wúwo sí i, ó sì ti ga sí i. Ọkọ̀ yóò rìn jìnnà kí ó tó dúró. Ní Ìjànikin, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń sọdá títì, ìwọ̀nba ẹsẹ̀ díẹ̀ yẹn lè jẹ́ ẹ̀mí ènìyàn. Jíìpù fúnra rẹ̀ ga, ó sì lè tètè dojú dé bí awakọ̀ bá ṣàdédé yà fún ọlọ́kadà. Táyà inú àpẹẹrẹ wa tún fi nǹkan bíi mìlímítà 28 gbé e sókè. Táyà fífẹ̀ a sì máa léfòó lórí omi, èyí tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní ìgbà òjò.

Ní ti òfin, àwọn ìlànà ìrìnnà ojú pópó ti orílẹ̀-èdè, tí wọ́n jáde ní ọdún 2012, àti òfin ìrìnnà ti Ìpínlẹ̀ Èkó kò gba ọkọ̀ tí ipò rẹ̀ léwu láàyè. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ó jẹ mọ́ táyà ní orúkọ tirẹ̀ nínú àkójọ àjọ FRSC. Ibùdó LACVIS ni a ti ń yẹ ọkọ̀ wò fún ìwé ẹ̀rí pé ó yẹ fún ojú pópó. Ẹni tí ó bá gbé táyà ilé-iṣẹ́ lọ fún àyẹ̀wò, tí ó délé tí ó de èyí tí ó tóbi mọ́ ọn, ń tan ara rẹ̀ ni: ìwé náà kò jẹ́rìí sí ọkọ̀ tí ó ń wà mọ́. Bí kò bá sì sọ ìyípadà náà fún ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò, ó lè di àríyànjiyàn ní ọjọ́ tí ó bá fẹ́ gba owó.

Ọ̀nà ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ni òpópónà yìí, nítorí náà ọ̀rọ̀ táyà àlòkù kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí a fẹ́ tún rọ, táyà àlòkù wà nínú àkójọ ọjà tí Àjọ Aṣọ́bodè kò gbà kí a kó wọ orílẹ̀-èdè yìí. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn àmì DOT lára táyà ni ọjọ́ orí rẹ̀: 2321 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2021.

Kí ẹ tó ra táyà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ ka ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ kọ sára òpó rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tí ó tóbi díẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí gíga rẹ̀ fi ju ìdá 3 nínú 100 lọ. 275/70R16, tí ó ga tó mìlímítà 791, kò kọjá ààlà yìí. Kí mẹkáníìkì yí ìdarí ọkọ̀ dé òpin lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ó wò ó bóyá táyà ń ha páìpù bíréèkì. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé ọkọ̀ lọ sí LACVIS pẹ̀lú táyà tuntun náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.