Owó Ìjọba àti Ìwádìí Agbára Inú Átọ́ọ̀mù ní Nàìjíríà láti Ọdún 1976

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ níhìn-ín, mo kọ́kọ́ rò ó pé ọ̀rọ̀ oòrùn àti ìràwọ̀ yóò jìnnà sí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kí ó tó jáde nílé. Ṣùgbọ́n irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ohun tí ó ń mú oòrùn ràn ni pé kóró àwọn átọ́ọ̀mù háídrójìn ń dà pọ̀ di hílíọ́mù, agbára ńlá sì ń jáde. Kí a tó lè rí irú agbára bẹ́ẹ̀ lò lórí ilẹ̀, a gbọ́dọ̀ mú gáàsì gbóná ju inú oòrùn lọ. Gáàsì tí ooru ti já àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára kóró wọn ni a ń pè ní pílásímà. Mànàmáná tí ẹ ń rí lókè Ifọ̀n nígbà òjò, pílásímà ni.

Ọdún 1976 ni ìjọba ológun tí Olusegun Obasanjo jẹ́ olórí rẹ̀ ṣe òfin nọ́ńbà 46, èyí tí ó dá Ìgbìmọ̀ Agbára Átọ́ọ̀mù ti Nàìjíríà sílẹ̀. Owó epo rọ̀bì ń wọlé nígbà náà. Ní ọdún kan náà ni a dá ibùdó ìwádìí méjì sílẹ̀: ọ̀kan ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, èkejì ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria. Ṣùgbọ́n Ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di ọdún 2006. Ọgbọ̀n ọdún gbáko! Obasanjo tí ó wọ kakí nígbà òfin náà ni ó tún wà lórí àlééfà, agbádá ni ó wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tí Ìgbìmọ̀ ta jí.

Lójú tèmi, àwọn yunifásítì àti àjọṣe pẹ̀lú òkèèrè ni wọ́n gbé ìmọ̀ yìí ró láàárín àkókò náà. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Abdus Salam, ọmọ Pakistan, dá ibùdó ẹ̀kọ́ físíìsì sílẹ̀ ní Trieste ní 1964 nítorí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tí kò lówó. Ní 1985 sí 1986, Sing Lee kọ́ àwọn onímọ̀ láti Nàìjíríà, Sierra Leone, Egypt àti ibòmíràn ní Kuala Lumpur bí wọn yóò ṣe fọwọ́ ara wọn to ẹ̀rọ pílásímà kékeré. Agbára tí ẹ̀rọ náà ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan kò tó èyí tí gílóòbù 60 wáàtì ń jẹ ní ìṣẹ́jú kan. Síbẹ̀ kóró átọ́ọ̀mù lè dà pọ̀ nínú rẹ̀.

Ní Zaria pẹ̀lú, ẹ̀rọ kan wà tí ó ń gbá háídrójìn tí ó wúwo lu èyí tí ó tún wúwo jù ú lọ, tí níútírọ́ọ̀nù sì ń jáde. Ìdàpọ̀ kóró ni èyí, bí agbára tí a ń fi sí i tilẹ̀ ju èyí tí a ń rí lọ. Ríákítọ̀ kékeré tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2004, tí a rà láti China, fífọ́ ni tirẹ̀ ń fọ́ kóró yuréníọ́mù.

Ọdún 2006 tí Ìgbìmọ̀ wa jí náà ni Yúróòpù, China, India, Japan, Korea, Russia àti Amẹ́ríkà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ITER, ẹ̀rọ ìdàpọ̀ ńlá tí wọ́n ń kọ́ ní ilẹ̀ Faransé. Kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan nínú wọn. Ìpín India jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe owó ọwọ́. Ẹ̀yà ẹ̀rọ tí àwọn ilé iṣẹ́ India ṣe nílé ni. Owó wọn kò kúrò nílé, ìmọ̀ sì kún un.

Àwọn kan yóò bi mí pé kí ni ti oòrùn nígbà tí Ọ̀wọ̀ ń wá iná. N kò ní kí ìjọba kọ́ ITER sí Ọ̀sẹ̀. Ẹ̀rọ ti Kuala Lumpur lè gba inú yàrá kan ní pólítẹ́kíníìkì tí ó wà ní ìlú yìí láti ọdún 1979. Kàpásítọ̀ kan, ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde, àti onímọ̀ ẹ̀rọ kan tí a ó máa san owó oṣù rẹ̀ déédéé fún ọdún mẹ́wàá ni ó jù nínú ohun tí ó ń fẹ́.