Linux tó fúyẹ́ ló yẹ kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi

Ọjọ́ 29, oṣù kejì, ọdún 2012 ni Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà tí kò tóbi ju káàdì báńkì lọ, kọ́kọ́ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dọ́là 35 ni wọ́n ń tà á nígbà náà. Orí pátákó kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ wà. ARM, irú èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú fóònù, ni ọpọlọ rẹ̀, àyè ìrántí rẹ̀ nígbà náà kò sì ju mẹ́gábáìtì 256 lọ.

Ìdí nìyí tí Linux tí kò ní ẹrù púpọ̀ fi yẹ ẹ́. Raspberry Pi OS Lite kò ní àwòrán tí à ń tẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ ni èèyàn yóò máa tẹ̀ láti pàṣẹ.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni ti káàdì SD tó ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tó ń kọ nǹkan sí i, káàdì náà lè bàjẹ́. Alpine Linux lè dín ewu yìí kù, nítorí pé ó lè kó ara rẹ̀ sínú àyè ìrántí, kó má sì kọ àtúnṣe sórí káàdì àfi bí a bá tẹ àṣẹ «lbu commit». Ẹni tó bá gbàgbé àṣẹ yìí kí iná tó lọ, àtúnṣe rẹ̀ ti wọmi nìyẹn.