Ebi Gorí Ìtàgé: Ògúndé àti Ìyanṣẹ́lódì Ọdún 1945

Bí a bá dárúkọ Hubert Ògúndé, Yorùbá Ronú ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Eré ọdún 1964 yẹn ló mú kí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ eléré rẹ̀, tí òfin náà sì wà nílẹ̀ títí di 1966 tí àwọn ológun gbàjọba. Ṣùgbọ́n ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè ni èmi, Ẹ̀bùté Mẹ́ta ni wọ́n bí mi sí. Lójú tèmi, Strike and Hunger tó ṣe ní 1945 ló ga jù. Yorùbá Ronú ń bá àwọn aṣáájú tó ń jà láàárín ara wọn wí. Strike and Hunger ń bèèrè owó iṣẹ́.

Ogun Hitler ti sọ ọjà Èkó di iná nígbà náà. Ìjọba fi Kápútéènì Pullen sídìí ètò iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa ta gààrí, àwọn ìyá ọlọ́jà tí Alimotu Pelewura jẹ́ olórí wọn sì kọ̀ jálẹ̀. Ní 1942 wọ́n bu owó ọ̀wọ́n-gógó díẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́, àmọ́ kí ogun tó parí owó náà kò tó nǹkan mọ́. Òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ń gba àfikún tirẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ní kí wọ́n fi ìdajì kún tàwọn, kí lébìrà sì máa gba ṣílè méjì àtààbọ̀ lójúmọ́, ìjọba ní kò sówó. Ní oṣù kẹfà 1945, àwọn òṣìṣẹ́ yanṣẹ́ lódì, ọkọ̀ ojú irin sì dúró. Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́yìn tí ìjọba ti há a mọ́ Auchi ni. Ó lé lóṣù kan kí àwọn òṣìṣẹ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyá mi máa ń sọ pé bí kì í bá ṣe àwọn tó ń ta àwìn fún àwọn, àwọn ìbá sá padà sóko.

Ọdún yẹn gan-an ni Ògúndé gbé ọ̀rọ̀ náà sórí ìtàgé. Ẹ rántí pé nígbà yẹn, alágbe ni wọ́n ń ka eléré sí. Nígbà tó kéde pé òun ń wá obìnrin tí yóò ṣeré, kò sí òbí tó fẹ́ gbọ́; ìgbà tó sọ pé akọ̀wé lòun ń wá ni wọ́n tó yọjú. Àwọn tí ìlú ò kà sí ló wá ń bá ìlú sọ̀rọ̀ lórí ẹni tó fi ebi pa òṣìṣẹ́. Ní Jos, àwọn aláṣẹ fòfin de eré náà. Ebi ò ṣàjèjì sí àwọn aláṣẹ náà. Pé ẹnì kan ló fà á ni wọn ò fẹ́ kí eléré wí.

Ọlọ́pàá ni Ògúndé kó tó di eléré. Ìdí nìyẹn tí eré rẹ̀ mìíràn, Bread and Bullet, fi wọ̀ mí lára. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà èédú 21 ní Iva Valley, Enugu, nítorí ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́. Ní 1950, ẹni tó ti wọ aṣọ ọlọ́pàá rí sọ ọ́ di eré, ó sì gbé e káàkiri. Ní Kano, ìwé ìpolówó eré náà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ló gbé e dé kóòtù.