Òkè ló mú kí ọkọ̀ ní ju jíà kan lọ



Ẹni tó bá ti jókòó lẹ́yìn zémidjan rí nígbà tó ń gun òkè á ti gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń kérora, tí awakọ̀ á fẹsẹ̀ já jíà wálẹ̀, tí ohùn ẹ́ńjìnnì á ròkè, tí wọ́n á sì tún máa lọ. Jíà yìí, tí àwa tí a kàwé lédè Faransé ń pè ní vitesse, ìtàn rẹ̀ la fẹ́ sọ. Nígbà tí a wà nílé ìwé, orúkọ Louis Renault nìkan ni wọ́n dá fún wa. Renault ṣe bẹbẹ lóòótọ́, àmọ́ obìnrin kan ti ṣáájú rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá, a ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá.

Ẹ́ńjìnnì tó ń jó epo kì í lágbára nígbà gbogbo. Bó bá ń yí jẹ́jẹ́ jù, kò lè fa ẹrù, á máa gbọ̀n, á sì kú. Bó bá ń sáré jù, afẹ́fẹ́ kì í ráyè kún inú sílíńdà dáadáa mọ́, agbára á wálẹ̀, irin á sì máa jẹ ara wọn. Àárín méjèèjì ni agbára rẹ̀ wà. Ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ tó ń lo ooru omi kò rí bẹ́ẹ̀: láti orí ìdúró ló ti ń fi gbogbo ipá rẹ̀ tì, ìdí nìyẹn tí kò fi nílò jíà.

Karl Benz, ará Jámánì, kọ̀wé gba ẹ̀tọ́ lórí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 1886. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí bí ìgbà 400 ní ìṣẹ́jú kan, agbára rẹ̀ kò sì tó ti ẹṣin kan. Jíà kan ṣoṣo ló ní. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kò burú. Àmọ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, Bertha ìyàwó rẹ̀ gbé ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà láìsọ fún un, òun àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, Eugen àti Richard, láti Mannheim lọ sí Pforzheim, nǹkan bíi kìlómítà 100. Nílé apòògùn ní Wiesloch ló ti ra epo. Bí wọ́n bá kan òkè, ẹ́ńjìnnì kò lè gbé wọn. Àwọn ọmọ á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á máa ti ọkọ̀. Nígbà tó padà dé, ó ní kí ọkọ òun fi jíà mìíràn kún un nítorí òkè. Ọkọ sì gbọ́.

Kí ni jíà náà ń ṣe? Bí irin eléyín 20 bá ń yí irin eléyín 60, ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀mẹta kí èkejì tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n èkejì yìí ń fi ipá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta yí. Jíà kò fi agbára kún agbára o; eré ló tà, tó fi ra ipá. Ẹ́ńjìnnì ní tirẹ̀ ń bá eré tó bá a lára mu lọ.

Ní ilẹ̀ Faransé, Émile Levassor to irin eléyín oríṣiríṣi sórí ọ̀pá, tí awakọ̀ ń fọwọ́ tì wọ́n wọnú ara wọn. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ sọ pé ó le koko, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá ọdún 1898, Renault, ọmọ ọdún 21, fi ọkọ̀ kékeré tó ṣe fúnra rẹ̀ gun Rue Lepic, lókè Montmartre ní Paris. Lóru ọjọ́ náà, èèyàn 12 ní kó ṣe tiwọn fún wọn. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé nínú jíà tó ga jù, ọ̀pá láti ẹ́ńjìnnì ń lọ tààrà sẹ́yìn, kò gba ara eyín kankan kọjá nínú àpótí jíà. Òun ni prise directe, tó gba ẹ̀tọ́ lé lórí ní 1899. Òkè tún ni wọ́n fi dán an wò!

Ìṣòro kan ṣì kù. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ mú eré irin méjèèjì dọ́gba kí wọ́n tó wọnú ara wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ariwo á ta, eyín á sì kán. Ní 1928, Cadillac ní Amẹ́ríkà gbé ohun tó ń mú eré wọn dọ́gba jáde, àmọ́ ó pẹ́ kó tó dé inú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn bàbá wa tó wa kámíọ́ǹ mọ double débrayage dáadáa: tẹ ẹsẹ̀, yọ jíà, gbé ẹsẹ̀, tún tẹ̀ ẹ́, kí o tó wọ jíà mìíràn. Ẹ̀yin tí bàbá yín wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n ń pè é lédè tiwa?