Olú Rere Tí Ń Gba Ààyè Mọ́ Olú Olóró Lọ́wọ́

  Ìtàn ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ìtàn oró kan ni, tí ojú kò lè rí, tí imú kò lè gbóòórùn rẹ̀, tí ahọ́n kò sì lè tọ́ ọ wò. Inú àgbàdo àti ẹ̀pà tí à ń gbìn, tí à ń jẹ, tí a sì ń fún ọmọ wa jẹ ni ó máa ń wà.

Kò sí àgbẹ̀ tí kò rí àgbàdo tó bu rí. Ẹ óò rí nǹkan bí eruku aláwọ̀ ewé lára ọmọ àgbàdo, pàápàá níbi tí kòkòrò ti gbẹnu sí i. Ìran olú ni ohun tí ń fa èyí, ṣùgbọ́n ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan rẹ̀. Olú wẹ́wẹ́ ni a ó máa pè é nínú ọ̀rọ̀ yìí. Inú ilẹ̀ oko ni ó ń gbé. Bí oòrùn bá mú, tí ọ̀dá sì dá nígbà tí àgbàdo ń yọ ọmọ, afẹ́fẹ́ yóò gbé e gun orí àgbàdo, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ oró síbẹ̀.

Ní ọdún 1960 ni ayé kọ́kọ́ fura sí oró yìí. Ní Ìlú Ọba, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn olùtọ́jú ẹran kò mọ ohun tó ń pa wọ́n, nítorí náà wọ́n pè é ní àrùn X, ìyẹn ni pé wọn kò mọ orúkọ tí wọn ì bá fún un. Nígbà tí wọ́n yẹ oúnjẹ àwọn tòlótòló náà wò, wọ́n rí i pé ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ tán, tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Bràsíl, wà nínú rẹ̀. Ẹ̀pà náà ti bu. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe olú tó wà lára rẹ̀ ni Aspergillus flavus. Inú orúkọ yìí ni wọ́n ti yọ orúkọ tí wọ́n fún oró náà: aflatoxin.

Ẹ̀dọ̀ ni oró yìí ń bá jà. Bí ó bá pọ̀ lójijì, ó lè pa ènìyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ó bá kéré, tí a sì ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, ó lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, pàápàá lára ẹni tí ó ti ní àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B. Ní ọdún 1987, àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ kà á mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Omi gbígbóná kò pa á. Ẹ sè é, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ fi ṣe ògì, ẹ fi din àkàrà ẹ̀pà, oró kò ní tán nínú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ tòlótòló nìkan ni. Ní ọdún 2004, ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Kenya, ènìyàn 317 ni ó ṣàìsàn nítorí àgbàdo tó ní oró yìí. Ènìyàn 125 nínú wọn ni ó kú. Àgbàdo oko wọn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ. Wọ́n kórè rẹ̀, wọ́n kó o sínú ilé, wọ́n sì sè é fún ìdílé wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Láti ìgbà tí a ti mọ oró yìí ni wọ́n ti ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn pé kí ó tètè sá irè oko rẹ̀ kí ó gbẹ, kí ó sì ṣa èyí tó bu kúrò. Ìmọ̀ràn rere ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Oko ni oró náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a bá fi kó àgbàdo dé inú àká, ó ti lè wọ inú rẹ̀ ná. Ta ni yóò wá bá a jà ní oko?

Òwú ni ìdáhùn ti kọ́kọ́ wá. Ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, àwọn àgbẹ̀ ń ta èso òwú fún àwọn tí ń sin màlúù. Bí oró bá wà nínú èso òwú, yóò bọ́ sínú wàrà, òfin ibẹ̀ kò sì gba irú wàrà bẹ́ẹ̀ láàyè. Onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Peter Cotty, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣàkíyèsí pé kì í ṣe gbogbo olú yìí ni ó ní oró. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ń gbé, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú wọn tí kò lè pọ oró rárá.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Ká ní ẹ ń ṣe ìnáwó, tí àwọn ènìyàn rere ti tètè dé, tí wọ́n sì ti jókòó sórí gbogbo àga. Bí oníjàgídíjàgan bá dé lẹ́yìn wọn, níbo ni yóò jókòó sí? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Cotty ṣe. Ó mú olú tí kò ní oró, èyí tí wọ́n sọ ní AF36, wọ́n fi sára ọkà àlìkámà tí wọ́n ti pa kí ó má baà hù, wọ́n sì fọ́n ọn sí oko òwú. Ní ọdún 1996 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún wọn láṣẹ láti dán an wò ní oko àwọn àgbẹ̀. Ní ọdún 2003 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun tí àgbẹ̀ lè lò.

Ẹnì kan lè ní, kí ló dé tí a kò kàn rà á wá sílé? Ní ọdún 1999, Cotty àti Kitty Cardwell, tí ó wà ní ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA nígbà náà, tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé olú inú ilẹ̀ apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ibi tí a wà yìí, yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà. Àlejò kì í mọ ojú ilẹ̀ tó onílé. Inú ilẹ̀ wa ni a ti gbọ́dọ̀ wá olú rere tiwa.

IITA tó wà ní Ìbàdàn ni ó wá a. Ní ọdún 2005 àti 2006, Joseph Atehnkeng, Ranajit Bandyopadhyay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mú irú olú aláìlóró 11 tí wọ́n rí ní Nàìjíríà, wọ́n sì fi wọ́n dojú kọ olú olóró lára àgbàdo ní oko. Oró náà dín kù gidigidi. Nígbà tó yá, wọ́n yan mẹ́rin, wọ́n fi wọ́n sára ọkà bàbà tí wọ́n ti fi iná pa kí ó má baà hù, wọ́n sì sọ ọ́ ní Aflasafe. Àjọ NAFDAC fún un ní ìwé àṣẹ onígbà díẹ̀ ní ọdún 2009, ó sì fún un ní ìwé àṣẹ kíkún ní ọdún 2014. Ilẹ̀ Kenya tí ó sunkún ní ọdún 2004 náà rí tirẹ̀ gbà ní ọdún 2015, olú ilẹ̀ tiwọn ni wọ́n sì fi ṣe é.

Bí a ti ń lò ó nìyí. Kílò 10 ni a ń fọ́n sí hẹ́kítà kan. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó tanná ni àkókò rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ro oko tán, nítorí ẹ kò gbọdọ̀ tún fi ọkọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n ẹ má fọ́n ọn nígbà tí òjò ńlá bá ṣú, kí àgbàrá má baà gbé e lọ. Ọwọ́ ni ẹ ó fi fọ́n ọn, kò gba ẹ̀rọ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tàbí adìyẹ jẹ ẹ́. Bí a bá lò ó dáadáa, ó máa ń dín oró kù tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, kò lé iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ tètè kórè. Ẹ má sá àgbàdo sórí ilẹ̀ lásán. Ẹ má bu omi sí ẹ̀pà kí ó lè rọrùn láti pa. Èyí tó bu, ẹ má fi ṣe ògì, ẹ má sì dà á fún adìyẹ, nítorí oró náà kò mọ ènìyàn yàtọ̀ sí ẹran.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Nínú ọjà wa, ẹni tó ń fi kóńgò wọn àgbàdo kò lè rí oró, nítorí náà kò ní fi owó kún owó fún ẹni tí àgbàdo rẹ̀ mọ́. Ohun tí ń dí àgbẹ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ nìyí: yóò náwó, kò sì ní rí èrè rẹ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe oúnjẹ ọmọdé àti oúnjẹ adìyẹ ń yẹ àgbàdo wò kí wọ́n tó rà á. Bí ẹgbẹ́ bá pawọ́ pọ̀ ra Aflasafe, tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ fọ́n ọn ní àkókò kan náà, tí wọ́n sì kó irè wọn jọ síbì kan, wọ́n ní ohun tí wọ́n lè gbé síwájú irú oníbàárà bẹ́ẹ̀. Bí ọjà kò bá tilẹ̀ san owó kankan lé e, ẹ rántí pé nínú àgbàdo kan náà ni a ti ń mú ti ìkòkò ògì ilé.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Oko ni kí ẹ ti ká oró yìí mọ́, kí ó tó ká wa mọ́ ilé. Irè oko yín yóò dára o.